Ẹmọ́ Tó Gba Ìyá Àgbà Mọ́ Mi Lọ́wọ́

Nígbà tí Ìyá Àgbà mi jáde láyé ní Ìsẹ́yìn, àwọn èèyàn wá kí wa láti Ṣakí, láti Òkákà, àní láti Tẹ̀dé. Wọ́n jókòó sórí ẹní, wọ́n ṣe àdúrà, wọ́n fọwọ́ ra ojú, wọ́n ní kí Ọlọ́run tẹ́ ìyá sí afẹ́fẹ́ rere. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ń wá bàtà wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọn a fà mí sẹ́yìn, wọn a rẹ ohùn sílẹ̀: "Kàrímù, Àjàní ńkọ́? Ṣé ó ń jẹun?"

Àjàní kì í ṣe ọkọ ìyá. Kì í ṣe ọmọ ìyá. Ẹmọ́ ilé ni, ẹran kékeré tí kò nírù, elétí pẹlẹbẹ, tó máa ń ké "wíì, wíì" bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Kò sí ẹni tó béèrè bóyá èmi tí mo jẹ́ ọmọ ọmọ ń jẹun. Mo ti darúgbó báyìí, eyín tó kù lẹ́nu mi kò ju ti ọmọ ọwọ́ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń ta mí lára bí ata.

Ẹ má retí kí n ka ìgbésí ayé rẹ̀ fún yín láti ọjọ́ ìkómọ dé ọjọ́ ìsìnkú. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, èkeje ní òun ò fẹ́ mi, nítorí náà kò sẹ́ni tó kọ́ mi bí a ṣe ń to ìtàn tẹ̀léra. Bó ṣe ń sọ sí mi lọ́kàn ni mo ń kọ ọ́. Mo sì máa ń fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Ẹni tó bá rò pé iyọ̀ náà pọ̀ jù, kó lọ bi àwọn tó ṣojú wọn. Gbogbo wọn ló wà ní ibojì.

Ohun kan ṣoṣo ni mo wá lọ́wọ́ obìnrin náà ní gbogbo ọdún tí mo fi ń hun aṣọ nínú ọgbà ilé wa, láti ìgbà tí àwọn èèyàn ṣì ń fi ṣílè ka náírà. Mo fẹ́ kó fi Àjàní lé mi lọ́wọ́. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn ẹmọ́. Mo kórìíra rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan Àjàní, mo sì mọ̀ pé ẹni tó bá gbà láyè lọ́jọ́ kan, ẹni náà ló gbẹ́kẹ̀ lé jù láyé. Èmi ni mo fẹ́ jẹ́ ẹni náà.

Ẹ jẹ́ ká tibi orúkọ bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi, Ràbíù, ni àkọ́bí rẹ̀. Bí ayé bá rí bó ṣe yẹ kó rí, Ìyá Ràbíù ni gbogbo àdúgbò ì bá máa pè é. Ṣùgbọ́n Ìyá Ẹlẹ́mọ́ ni wọ́n ń pè é, tọmọdé tàgbà. Ẹran tí kò nírù ló já orúkọ gbà mọ́ bàbá mi lọ́wọ́! Bàbá mi kò bá a jà. Èmi ni mo ń bá a jà.

Ìyẹn nìkan kọ́. Àjàní tún ní oríkì. Ìyá Àgbà ní òun bá ológbò ilé kejì jà lórí rẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọ jòjòló, òun fi ìgbálẹ̀ lu ológbò náà títí ó fi tu ọmọ ẹran sílẹ̀, nítorí náà ọmọ tí òun jà kí òun tó ní ni. Láràárọ̀, kí oòrùn tó yọ, ẹ ó gbọ́ ohùn rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì: "Àjàní o! Àjàní ọmọ mi!" Ẹmọ́ á dáhùn, wíì. Èmi náà lóríkì, Àkànbí ni, ṣùgbọ́n ìgbà tí ọdún Iléyá bá bọ́ sí ọjọ́ tí inú rẹ̀ dùn ni ẹ tó lè gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Mo lọ bá a lọ́jọ́ kan níbi tó ti ń rànwú.

"Ìyá Àgbà, kí ló dé tí ẹ ń ki ẹmọ́ tí ẹ kì í ki èmi?"

Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ìwọ mọ ẹni tí o jẹ́. Òun ni mo ń rán létí."

Ẹni tí kò bá mọ Ìyá Àgbà yóò rò pé ó ń fẹnu ko ẹmọ́ ní ìdí ni. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, á fa àwọn ẹmọ́ rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Á fi àtẹ́lẹwọ́ kan gbé àyà, á fi èkejì gbé ìdí, kí ara wọn má baà máa fì. Tó bá kan àwọn abo, á wò wọ́n fìrí, á dá wọn padà sídìí koríko. Tó bá kan Àjàní, á yí i padà, á gbé imú síbẹ̀, á dákẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn lórí rédíò.

Imú obìnrin yẹn kì í ṣe imú lásán. Ó lè jókòó ní Ìsẹ́yìn kó sọ fún yín pé òjò ti ń pa ẹ̀gẹ́ tí ẹnì kan sá sórí àpáta ní Òkákà. Mo rí i bẹ́ẹ̀, ẹ má bá mi jiyàn.

Òun ló sọ fún mi pé akọ ẹmọ́ ní àpò kékeré kan nísàlẹ̀, láàárín ihò ìdí àti ẹ̀pọ́n. Ibẹ̀ lòórùn rẹ̀ wà, òun ló ń wọ́ sílẹ̀ kiri kí àwọn yòókù lè mọ̀ pé òun ló nilé. Lókè, níbi tí ìrù ì bá wà ká ní Ọlọ́run fún un ní ìrù, ojú ibì kan tún wà tó máa ń sun ọ̀rá. Gbogbo akọ ló ń rùn díẹ̀, àrùn kọ́. Ṣùgbọ́n bí akọ bá ti ń dàgbà, ẹran ibẹ̀ á dẹ̀, ẹnu àpò kò ní pa dé dáadáa mọ́. Ìgbẹ́ á há síbẹ̀, irun á há síbẹ̀, yanrìn á há síbẹ̀, ọ̀rá á pò wọ́n pọ̀ di kókó. Nígbà náà ni òórùn á yí padà, á di ti ẹyin tó bàjẹ́. Ẹmọ́ á máa wọ́dìí nílẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á máa yíjú padà bu ara rẹ̀ jẹ, irun ẹ̀yìn rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra wọn, á wo koríko tútù bí ẹni tó ń wo gbèsè. Bó bá dé ibi kó kọ oúnjẹ, ó ti pẹ́ jù fún imú, ojú lásán ti rí i.

Ó ń sọ gbogbo èyí pẹ̀lú ìfẹ́, èmi ń gbọ́ ọ pẹ̀lú ìbínú. Nígbà tí ibà gbé èmi dè, tí eyín mi ń lu ara wọn bí òfì, ó gbọ́wọ́ lé mi lórí lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Á lọ." Ó di abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ́dọ̀ Àjàní tí nǹkan kan ò ṣe. Mo ké pè é, mo ní, "Ìyá Àgbà, èmi lara mi ò yá o!"

Ó dáhùn láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, "Ìwọ lẹ́nu, o ti sọ. Ẹni tí kò lẹ́nu, imú ni a fi ń gbọ́ tirẹ̀."

Ó bá ọ̀pọ̀ èèyàn jà lórí ìdí ẹmọ́ yẹn. Àáfà tó ń kọ́ wa ní kéwú, ẹni jẹ́jẹ́, rí i lọ́jọ́ kan tó ń fi òwú nu Àjàní nígbà tí ìrun àìlà ti kù díẹ̀.

Àáfà ní, "Ìyá, àlùwàlá yín ńkọ́?"

Ó ní, "Mo máa ṣe òmíràn, Àáfà. Omi wà nínú ìkòkò."

"Ṣé àlùwàlá ẹ̀ẹ̀kan á tó bẹ́ẹ̀? Ibi tí ẹ ń fọwọ́ kàn yẹn, ó ti pọ̀ jù. Ó ń tini lójú."

Ìyá Àgbà kò dáwọ́ dúró. Ó nu ibẹ̀ tán, ó wẹ ọwọ́ dé ìgunpá, ó ṣe àlùwàlá rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù débi tí Àáfà fi ní láti dúró dè é. Ó wá wò ó lójú. "Ẹni tó dá àpò síbẹ̀ kò tijú. Ṣé èmi tí mo ń nù ún ni ó yẹ kí n tijú?"

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Ní ọdún kan, mo fi ọwọ́ ara mi hun ìborùn ẹ̀tù fún un. Aró ìborùn náà dúdú débi pé bí ẹ bá tẹ́ ẹ síta lọ́sàn-án, àwọn adìyẹ á lọ sùn. Mo fi ta á lọ́rẹ lọ́dún Iléyá níwájú gbogbo ilé. Ó dà á borí, ó gbàdúrà fún mi, ojú mi wá sílẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn ọdún, mo dé láti ìdí òfì, mo bá Ìyá Àgbà lórí àpótí, ìborùn mi lórí itan rẹ̀, Àjàní sì dùbúlẹ̀ gbalaja lórí ìborùn mi, tó nasẹ̀ bí ọba!

Mo ní, "Ìyá Àgbà! Ẹ̀tù mi!"

Ó ní, "Rọra sọ̀rọ̀, o ń dẹ́rù bà á."

Ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wà nínú abọ́. Ó ti kán díẹ̀ sí ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ wẹ ọmọ tuntun. Ó fi omi náà rin ibi tó há, ó dúró. Kò fà á. Ó rin ín lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún dúró. Lẹ́yìn náà ló ti òwú tí a ti yọ kóró rẹ̀ bọ inú àdín, ó ń fi í yí ẹnu àpò náà po, díẹ̀díẹ̀, títí kókó ìdọ̀tí náà fi yọ́ fúnra rẹ̀, tó bọ́ sórí òwú. Kò lo èékánná. Kò lo igi ìgbálẹ̀ bí àwọn kan ṣe ń ṣe. Ó fi òwú mìíràn tó ní omi nìkan ṣan ibẹ̀, ó fi èyí tó gbẹ nù ún. Ọ̀rá tó wà lókè níbi ìrù, àdín ló kọ́kọ́ fi rẹ ẹ́, kó tó fi ọṣẹ dúdú tí kò ju orí ìka lọ fọ̀ ọ́, ó sì ṣan ọṣẹ náà kúrò pátápátá.

Tẹ́lẹ̀, ó máa ń fi ọṣẹ kan inú àpò náà. Dókítà ẹran tó máa ń gun alùpùpù wá wo màlúù àwọn Fúlàní ló ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, pé ọṣẹ ń bó ẹran ibẹ̀. Ìgbà tí abẹ́ Àjàní di egbò, tí ọyún yọ níbẹ̀, ó gbé e lọ bá ọkùnrin náà nínú apẹ̀rẹ̀, ọkùnrin náà fún un ní oògùn aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n ń kùn sójú egbò. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ti rí ẹ̀jẹ̀ tàbí ọyún nídìí ẹmọ́ rẹ̀ tó wá bi í, Ìyá Àgbà á ní òun ò mọ ìyẹn, kó lọ bá dókítà. Kì í jowú ohun tí ẹlòmíràn mọ̀. Èmi ni mo bá a jowú alùpùpù ọkùnrin náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìborùn mi lẹnu wa wà. Mo dúró tì í títí ó fi ṣe tán. Mo ní, "Àkísà kò sí nínú ilé yìí ni? Aṣọ tí mo fi ojú àti ìka hun?"

Ó gbójú sókè, ẹnu yà á. Ó ní, "Èyí tó rọ̀ jù nínú gbogbo aṣọ mi ni mo tẹ́ fún un. Ṣé o fẹ́ kó jẹ́ ti ẹlòmíràn ló rọ̀ jù ni?"

Mo jáde.

Ọlọ́run tó fẹ́ràn àwàdà sì wá yọ eéwo kan fún èmi náà, ní ìdí, níbi tí ahunṣọ fi ń jókòó. Mi ò lè hun aṣọ, mi ò lè jókòó jẹun. Eéwo náà tóbi débi pé bí mo bá wọlé, òun ló ń kọ́kọ́ kí àwọn ará ilé. Mo ní, ọjọ́ mi dé nìyí. Mo lọ dùbúlẹ̀ sójú ẹní Ìyá Àgbà, mo dojú bolẹ̀.

Mo ní, "Ìyá Àgbà, ẹ wá wò ó. Ẹ bá mi fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ rin ín. Ẹ bá mi fi àdín àti òwú..."

Ó ní, "Kàrímù, ṣé o ti di ẹmọ́ ni?"

Àwọn obìnrin ilé rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń nu ojú. Mọ́ríámọ̀, ọmọ àbúrò bàbá mi tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ní kí n ké "wíì" kí wọ́n gbọ́. Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó gbé abọ́ omi gbígbóná àti aṣọ kan ka iwájú mi, ó lọ. Mo pè é padà.

Ó ní, "Ọwọ́ rẹ dé ìdí rẹ. Ti Àjàní ò dé."

Ohun tó sọ Ìyá Àgbà di ẹni tí àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí dé Tẹ̀dé ni èyí tó ṣe ní ọdún tí sèbé bu ewúrẹ́ ṣán lẹ́bàá àká àgbàdo ilé wa. Ní ọ̀dọ̀ wa, wọ́n gbà pé òórùn ẹmọ́ ilé ni ejò ń sá fún. Ìdí tí ọ̀pọ̀ ilé fi ń sìn ín nìyẹn. Nítorí náà, Baálé wa, tó jẹ́ àbúrò ọkọ Ìyá Àgbà, pàṣẹ pé kí wọ́n gbé Àjàní sínú àgò lábẹ́ àká, kí ẹnikẹ́ni má sì nù ún títí òjò á fi dá. Ó ní bó bá ṣe ń rùn tó, bẹ́ẹ̀ ni ààbò wa ṣe máa pọ̀ tó.

Àjàní sì rùn! Lójoojúmọ́ ni òórùn náà ń le sí i, inú àwọn ará ilé sì ń dùn. Bí ẹni kan bá kọjá tó di imú, wọn a ní, "Ṣé o gbọ́ ọ? Ejò wo ló jẹ́ sún mọ́ ìyẹn?" Àwọn ará ilé kejì wá bẹ̀bẹ̀ kí a yá àwọn ní Àjàní fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń lọ sí Ṣakí dé iwájú ilé wa, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dá kú. Awakọ̀ ní epo kò tán, òórùn Àjàní ni ẹ́ńjìnnì fà símú.

Ìyá Àgbà dákẹ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ Baálé ni. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ ló ń lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgò náà. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, tí àwọn àgbà ti kírun dé tí wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jáde pẹ̀lú abọ́ omi, àdín, òwú àti ìborùn mi. Ó ṣí àgò, ó gbé Àjàní jáde, ó jókòó sí àárín ọgbà níbi tí gbogbo ojú ti rí i.

Baálé ní, "Ìyàwó, kí lò ń ṣe yẹn?"

"Mò ń nu ọmọ mi ni, ọkọ mi."

"Ohun tó ń ṣọ́ wa lò ń fọ̀ dànù yẹn!"

"Ọkọ mi, èyí kì í ṣe òórùn ìṣọ́ mọ́. Ìrora ló ń rùn báyìí. Láti àná ni kò ti fẹnu kan ewé. Ẹ súnmọ́ ibí, kí ẹ fi imú ara yín gbọ́ ọ."

Kò sẹ́ni tó súnmọ́ ọn. Ọwọ́ Ìyá Àgbà kò kánjú. Àjàní ké, ó dẹwọ́. Àjàní dákẹ́, ó tẹ̀síwájú. Kókó tó bọ́ lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà tóbi tó orógbó. Mọ́ríámọ̀ ní kò ju ẹyọ àgbàdo lọ, ṣùgbọ́n ojú Mọ́ríámọ̀ kò dára láti kékeré.

Baálé dìde dúró. Ohùn rẹ̀ kò ga, ìyẹn ló bani lẹ́rù. Ó ní, "Bí ejò bá bu èèyàn ṣán nínú ilé yìí, ọrùn ta ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á wà?"

Ìyá Àgbà fi òwú gbígbẹ nu ọmọ rẹ̀ tán kó tó dáhùn. "Ọrùn mi ni. Olùṣọ́ lẹ fẹ́, àbí? Èmi rèé."

Ó gbé Àjàní padà sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ sí abẹ́ àká. Ó gbá gbogbo àgbàdo tó dà sílẹ̀ níbẹ̀, ó ní èkúté ló ń jẹ ẹ́, èkúté sì ni ejò ń tẹ̀ lé wá. Ó po amọ̀, ó fi dí gbogbo ihò. Ó gbé ọmọ odó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rànwú. Bó ṣe ń jókòó níbẹ̀ nìyẹn lójoojúmọ́, òjò ọdún yẹn pátá, obìnrin arúgbó. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, á fa awọ ẹran borí, á jókòó síbẹ̀.

Gbogbo ayé ń yìn ín. Èmi ń wò ó láti ìdí òfì. Mo ní, ta ló tíì jókòó sínú òjò nítorí tèmi rí? Mo gbé àmàlà lọ bá a, mo ní kó jẹ́ kí n gba iṣẹ́ náà ṣe. Ó ní rárá, òun lòun fi ọrùn òun sílẹ̀.

Ẹ óò fẹ́ mọ̀ bóyá ejò wá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń sọ fún àwọn èèyàn pé sèbé kan wá tí ìrù rẹ̀ wà ní Ìgbẹ́tì nígbà tí orí rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, pé ó rí Ìyá Àgbà, ó tọrọ àforíjì, ó padà. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ejò kankan kò wá. Nígbà tí òjò dá, Baálé fúnra rẹ̀ lọ gbé àpótí náà, ó gbé e padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, ó tó. Máa nu ọmọ rẹ."

Ìyá Àgbà kúnlẹ̀ kí i. Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ ṣeun. Ẹ̀yìn ti ń dùn mí láti ọjọ́ kìíní."

Ìgbà tó yá, ojú rẹ̀ ń ṣú, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Àjàní náà ti gbó, àpò rẹ̀ kò sì lè lo ọ̀sẹ̀ kan mọ́ láìsí pé a nù ún. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé ó ní láti fi í lé ẹnì kan lọ́wọ́. Mo ń gé èékánná mi mọ́lẹ̀. Mo ń kọjá níwájú rẹ̀ nígbà gbogbo pẹ̀lú òwú lọ́wọ́, bí ẹni tó ń lọ síbì kan.

Mọ́ríámọ̀ ló pè.

Mi ò purọ́ fún yín, ọwọ́ ọmọ náà dára. Ó rọ̀, ó mọ ibi tó ń lọ, bí abẹ́rẹ́. Àjàní sùn mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mi ò jẹun alẹ́. Mo ń gbàdúrà lẹ́yìn gbogbo ìrun kí Ọlọ́run tètè fún Mọ́ríámọ̀ lọ́kọ, ọkọ rere, ọkọ ọ̀nà jíjìn. Ọlọ́run gbọ́. Ọkùnrin kan tó ń fọ́ òkúta ní Ìgbẹ́tì wá tọrọ rẹ̀. Ọjọ́ ìgbéyàwó, mo jó ju ọkọ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń di ẹrù ìyàwó, mo gbọ́ tí Mọ́ríámọ̀ ń bẹ Ìyá Àgbà kí ó jẹ́ kí òun mú Àjàní dání, kí òun lè máa tọ́jú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ijó dá mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mo rí i pé Ìyá Àgbà ń rò ó dáadáa.

Ó ní, "Rárá o. Ìyàwó kì í mú akọ mìíràn dé ilé ọkọ."

Èmi ló wá kù. Ó ní, "Kàrímù, mú ọwọ́ wá." Ó fi ìka tọ gbogbo àtẹ́lẹwọ́ mi wò, níbi tí igi òfì ti sọ ọ́ di èèpo. Ó ní ó le. Mo ní màá fi òrí pa á. Mo fi òrí pa á títí aṣọ tí mò ń hun fi ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n lé orí ọwọ́ mi, ó jẹ́ kí n gbé Àjàní sórí itan. Àjàní bù mí jẹ. Èmi náà ì bá bù ú jẹ. Ìyá Àgbà dúró tì mí ní gbogbo ìgbà, á ní kí n tún rin ín, kí n dúró, kí n má fà á. Bí mo bá sì ṣe tán, á gba Àjàní lọ́wọ́ mi, á gbé imú síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò gbà mí gbọ́. Mo ń ṣiṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n kò tíì fi í lé mi lọ́wọ́.

Ó ní, "Ọwọ́ rẹ ti ń gbọ́ran. Imú rẹ ni mi ò tíì mọ̀."

Ọyẹ́ ló mú un lọ. Ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní, kò lè dìde mọ́. Bàbá mi wà níbẹ̀, Baálé wà níbẹ̀, Mọ́ríámọ̀ ti dé láti Ìgbẹ́tì pẹ̀lú oyún. Mo wọlé láti ọgbà.

Ó ní, "Ta nìyẹn?"

"Kàrímù ni, Ìyá Àgbà."

"Àjàní ńkọ́?"

Ẹ wo obìnrin yìí! Mo ní, "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ún tán ni."

"Gbé e wá."

Mo gbé e wá, mo yí i padà bó ṣe máa ń ṣe é, mo sún un mọ́ imú rẹ̀. Ó mí, ó tún mí. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: "Mi ò gbóòórùn kankan."

Bàbá mi wolẹ̀.

Ìyá Àgbà ní, "Bá mi gbọ́ ọ."

Mo wo Mọ́ríámọ̀. Mo rò pé òun ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Kàrímù, bá mi gbọ́ ọ."

Mo gbé ìdí Àjàní sókè níwájú gbogbo ẹbí, níwájú Baálé, mo ti imú mi bọ̀ ọ́, mo fà á símú dáadáa. Mi ò kánjú. Mo fà á símú lẹ́ẹ̀kejì.

Mo ní, "Òórùn akọ ni, Ìyá Àgbà. Kò sí àrùn níbẹ̀."

Kò ní kí n gbé e padà wá kí òun wò ó. Kò ní kí n fún Mọ́ríámọ̀. Ó ní, "Mo gbọ́." Ó pa ojú dé. "Mú un lọ. Tìrẹ ni."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ló lọ. Mo tọ́jú Àjàní títí òun náà fi kú, mo sì sin ín lẹ́yìn àká, mi ò sunkún. Kí Ọlọ́run Ọba fojú rere wo Ìyá Àgbà mi, kí Ó fún un ní ilé tó tutù, kí Ó sì bá mi pa àyè mọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo bi Àáfà léèrè bóyá ẹranko ń wọ àlùjánnà. Ó ní rárá, erùpẹ̀ ni wọ́n ń dà. Mo ń bẹ Ọlọ́run lójoojúmọ́ kí ọ̀rọ̀ Àáfà rí bẹ́ẹ̀.